Dókítà Tó Ra Gbogbo Ẹ̀pà Agbowó

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Dókítà Simon Adéróunmú ní Bódìjà lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni Bàbá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi bọ̀, wọ́n dúró ra ẹ̀pà yíyan ní Agbowó. Wọ́n jẹ ẹ́ tán nínú mọ́tò, wọ́n tú ìwé tí ìyá ẹlẹ́pà fi wé e, wọ́n sì gbé awò ojú wọ̀. Ìwé bíìlì ọsibítù tiwọn ni. Orúkọ aláìsàn wà níbẹ̀ gadagba, àìsàn tí wọ́n tọ́jú náà wà níbẹ̀, irú èyí tí ọkọ kì í fẹ́ kí ìyàwó gbọ́.

Àṣé àwọn tó wá palẹ̀ yàrá ẹrù mọ́ ti ta bíìlì àtijọ́ fún àwọn tó ń ra pépà ní kílò. Dókítà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n padà bá ìyá ẹlẹ́pà.

“Gbogbo ẹ̀pà yìí, èló ni?”

“Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó ni, Bàbá?”

“Rárá o. Mo kàn fẹ́ràn ẹ̀pà ni.”

Ìyá ẹlẹ́pà ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lólobó. Bí Dókítà ṣe ń ti orí igbá kan bọ́ sórí òmíràn ni iye ẹ̀pà ń gorí àjà, ṣùgbọ́n wọn ò yé ra á. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀pà ní Agbowó, àfi kó lọ gbin ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Nùsírátù, obìnrin tó ń kọ bíìlì ní ọsibítù náà, ló jókòó tú ẹ̀pà kúrò nínú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ń wo àpò tó kún dé ẹnu.

“Dókítà, kí la wá fẹ́ fi gbogbo ẹ̀pà yìí ṣe?”

“Ìwé ni mo rà, Nùsírátù. Èènì ni ẹ̀pà.”

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tí ibà ń ṣe gba ẹ̀pà mọ́ oògùn, ẹni tó wá gba abẹ́rẹ́ gba ẹ̀pà mọ́ ọn. Ẹni tí eyín ń dùn nìkan ló bọ́.

Bàbá dáná sun àwọn ìwé náà lẹ́yìnkùlé, wọ́n dúró tì í títí ó fi di eérú. Wọ́n wá yíjú sí Nùsírátù, wọ́n ní ọsibítù àwọn ò ní kọ bíìlì sórí pépà mọ́, orí kọ̀ǹpútà ni yóò máa wà. Ẹ̀rù ba Nùsírátù pé iṣẹ́ òun ti lọ. Ọwọ́ tó fi ń kọ bíìlì náà ló fi ń bọ́ ọmọ.

Ká má parọ́, pépà ti fojú wọn rí nǹkan ṣáájú ìgbà yẹn. Ìkọ̀wé Dókítà dà bíi kí adìyẹ méjì jà nínú ẹrẹ̀, Nùsírátù nìkan ló sì lè kà á. Ọdún kan tó lọ ṣe Iléyá nílé, ẹni tó bá a dúró fi ojú ara rẹ̀ ka ohun tí Dókítà kọ fún Alhaji Sùlàímọ́nù, tí ibà ń ṣe. Ó kọ bíìlì ìgbẹ̀bí fún un, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń san owó ìtọ́jú Alhaji. Àwọn yẹn kọ lẹ́tà kú oríire sílé rẹ̀. Ọjọ́ kejì, Alhaji jókòó síwájú Dókítà.

“Dókítà, ìyàwó mi ti ka lẹ́tà. Kò bínú. Ó ní kí n ṣáà mú ìyá ọmọ wá kóun rí i.”

Ẹni tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ọsibítù ni Mánsúrù, láti Ring Road. Nígbà tó wá ṣàlàyé, Nùsírátù ló gbé omi wọlé fún un.

“Tẹ́ ẹ bá ti rí aláìsàn tán, sà, ẹ ó tẹ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe síbẹ̀, bíìlì á jáde fúnra ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ adójútòfò. Ẹ ò nílò akọ̀wé kankan mọ́.”

Nùsírátù dúró gbagidi pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Dókítà wò ó, wọ́n tún wo Mánsúrù.

“Tí bíìlì bá ba aláìsàn lẹ́rù, tó bú sẹ́kún, kí ni ẹ̀rọ yín máa sọ fún un?”

“Ìyẹn ò sí nínú ètò, sà.”

“Nígbà náà, Nùsírátù lẹ máa kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó wà nínú iye tẹ́ ẹ pè.”

“Kò sí níbẹ̀, sà.”

“Ó ti wà níbẹ̀ báyìí.”

Nùsírátù gbé omi kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fi etí híjáàbù nu ojú. Nígbà tó padà dé, wọ́n ṣì ń nájà lé e lórí, Mánsúrù sì ti ń làágùn.

Kò pẹ́ tí Nùsírátù fi mọ ẹ̀rọ náà lò. Dókítà ló pẹ́. Ìka kan ṣoṣo ni Bàbá fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tẹ ikùn aláìsàn, wọ́n á sì dáwọ́ dúró díẹ̀ bíi pé wọ́n ń retí kó ké yéè.

Mánsúrù ní kí wọ́n yan páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọ́n yan Àpínkẹ́, oríkì ìyàwó wọn. Àmọ́ kò sí àárọ̀ tí wọn kì í gbàgbé rẹ̀. Wọ́n á ké láti yàrá wọn, ohùn á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan: “Nùsírátù, kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí mi?” Kí Nùsírátù tó dìde, gbogbo aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á ti dáhùn pọ̀ pé, “Àpínkẹ́ ni, sà.”

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi bíìlì ránṣẹ́ sí adójútòfò lórí kọ̀ǹpútà, èsì dé kí Bàbá tó mu tíì tán. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n wa mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì àwọn yẹn ní Dùgbẹ̀, wọ́n bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ló dé. Àwọn yẹn ní ó dé. Bàbá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kóun fojú kàn án. Bí bíìlì tó kúrò ní Bódìjà láìní pépà ṣe gun mọ́tò padà wá sí Bódìjà lórí pépà nìyẹn.

Síbẹ̀, Bàbá yìí kan náà ló ṣe é yọrí. Kò sí aláìsàn tó tún bẹ̀rù pé orúkọ òun á jáde. Àwọn dókítà ń wá láti Jẹ́ríkò àti Onírèké láti wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Dókítà á ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á pe Nùsírátù, wọ́n á ní, “Olùkọ́ mi nìyí.” Lẹ́yìn náà, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí wọn lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dúbúlẹ̀, ọsibítù tiwọn náà ni wọ́n ti gba bẹ́ẹ̀dì. Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ wọn obìnrin tóun náà jẹ́ dókítà, ló ń tọ́jú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní kí Nùsírátù gbé bíìlì àwọn wá. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí ẹsẹ̀ wọn.

“O ò ka bẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn.”

“Dókítà, ẹ̀yin lẹ ni bẹ́ẹ̀dì.”

“Ta ló ń sùn lórí ẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ni, sà.”

“Kà á mọ́ ọn.” Wọ́n wá rí owó iṣẹ́ Ayọ̀kúnnúmi. “Èyí ti pọ̀ jù. Ní kó yọ díẹ̀ níbẹ̀. Mi ò tíì rí ìyàtọ̀.”

Nùsírátù rẹ́rìn-ín títí tó fi di ara bẹ́ẹ̀dì mú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tiwọn ò pẹ́, ó rẹ̀ wọ́n.

Wọ́n dágbére fáyé kí oṣù tó parí. Ṣakí, ìlú wọn, ni wọ́n sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpínkẹ́ tó ti ṣíwájú wọn lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, Nùsírátù ṣí orúkọ wọn kó lè pa á dé. Ìbéèrè kan ló kù lójú kọ̀ǹpútà: báwo ni aláìsàn yìí ṣe kúrò ní ọsibítù? Ìdáhùn méjì ló wà níbẹ̀: ó kú, tàbí ó padà sílé. Nùsírátù ka méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ ọ̀kan.

Ayọ̀kúnnúmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ka ohun tó tẹ̀.

“Àǹtí Nùsírá, èyí kọ́.”

“Ṣebí Ṣakí la gbé wọn lọ.”

Ayọ̀kúnnúmi fa àga kan, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo orúkọ Bàbá.

“Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni Ayọ̀kúnnúmi wí.