Ohùn Kejì Orin Ìkòsì

Láti ọjọ́ Ajé ni katapílà ti ń ké "pìn-ìn, pìn-ìn" lẹ́yìn ilé wa ní Ogudu. Wọ́n ní gọ́tà ni wọ́n ń là. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ara mi kò gbọ́. Bó bá ti ń rìn sẹ́yìn, mo máa ń fa ìborùn mọ́ra, ọmọbìnrin mi á ní, "Mummy, ṣé òtútù ń mú yín ni?"

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ilé ẹ̀kọ́ orin kan wà ní Ìkòsì rí: yàrá méjì, páànù tó ti dípẹtà, àti dùùrù arúgbó kan tí eyín rẹ̀ ti ká. Daddy Dò-Mí là ń pe ọ̀gá tó dá a sílẹ̀, nítorí bí wọ́n bá fẹ́ bá èèyàn wí pàápàá, orin ni wọ́n fi ń wí i. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe orin tí à ń kọ. Pátákó ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bó bá ti yé wa tán, wọ́n á nù ún kúrò. Olúkálukú ló ní ohùn tirẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ kọ́ ti ẹlòmíràn, kó má baà fà ọ́ lọ. Nínú orin tí Daddy ṣe gbẹ̀yìn, Síkírá ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òun nìkan ló mọ ohùn kejì, ìyẹn áátò.

Lọ́jọ́ kan, a bá àmì pupa lára ògiri, pé wọ́n máa wó ilé náà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bá wa kọrin. Bí lọ́rì bá kọjá ní títì, gbogbo kíláàsì á sáré lọ yọjú ní fèrèsé. Síkírá á ní, "Ojo! Ẹ̀rù ń bà ẹ́, àbí?" Bẹ́ẹ̀ ìka tirẹ̀ gan-an ló di aṣọ mi mú pinpin.

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ yìí bó ṣe rí. Àwọn tó kun ògiri yẹn dá ọjọ́ fún wa. Wọn ò dúró de ọjọ́ tí wọ́n fẹnu ara wọn dá, wọ́n gbé katapílà dé. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ wà nínú ilé: fèrèsé ṣí, à ń kọrin. Daddy jáde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá àwọn tó wá wólé, ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde ná." Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ yàgò jàre." Ògiri ti ń mì nígbà tí a gba fèrèsé bẹ́ sóde. Nítorí pé kò sẹ́ni tó kú ni àwọn èèyàn ṣe ń ní kí n gbàgbé ẹ̀. Àwọn tó wó o ní títì ni àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Ẹ lọ wò ó lónìí: ibi tí aládàáni kan ń gbé ọkọ̀ sí ni.

Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ náà ni àwọn òbí Síkírá ń gbé, wọ́n sì wó tiwọn náà. Wọ́n kó ẹrù lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. N kò gbúròó Síkírá mọ́. Daddy kò sì ṣe orin mìíràn títí wọ́n fi kú.

Mo ti rí ẹni tó kọ tẹ́nọ̀, ohùn kẹta, ní Mende, mo rí ẹni tó kọ báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, ní Ifákọ̀. A kọ orin náà ní pálọ̀ mi, ihò wà láàárín rẹ̀ níbi tí ohùn Síkírá yẹ kó wà. Àwọn méjèèjì ní, "Aunty, ṣebí ẹ kàwé orin ní yunifásítì, ẹ ṣe áátò tiyín sí i." Mo kọ̀. Bí mo bá dí ihò yẹn, ta ni yóò tún mọ̀ pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ wa? Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju katapílà lọ.

Ṣùgbọ́n lánàá, mo ń kọ ohùn tèmi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọmọ mi ń fọ abọ́, ó sì ń fi ohùn mìíràn kùn sí i lábẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo fẹ́ ní kó dákẹ́, ẹnu mi kò gbà á. Ó ti pẹ́ débi pé n kò lè búra pé kì í ṣe bí Síkírá ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.