Ẹja Tí Ìyá Ìyàwó Mi Ní Òun Máa Jẹ

Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mò ń ṣe, ẹnu ni mo sì fi ń pẹja. Àwọn oníbàárà mi ló sọ mí ní Ọ̀gá Ìwọ̀, nítorí n kì í gé irun láìsọ ìtàn ẹja ńlá tí mo fà títí tó já lọ. Wọn kì í bá mi jiyàn. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó gbé abẹ sí i lọ́rùn jiyàn?

Ọ̀rọ̀ wá le nígbà tí ìyá ìyàwó mi, tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn wa, kọ oúnjẹ. Omi ọbẹ̀, ó ní ó korò. Mílíìkì, ó ní ó ń rùn. Dókítà sì ti sọ pé bí Màmá ò bá jẹun, oògùn òun ò lè ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Àfi lọ́jọ́ tí ìjì ńlá kan jà tán, tí Màmá lajú, tó ní, “Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi nìkan ni mo lè jẹ.”

Ìyàwó mi sáré lọ sọ́jà. Kò sí ẹja, torí ìjì ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan lọ sójú òkun. Ó padà dé, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹnu dùn ún ròfọ́ o, Ọ̀gá Ìwọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ti dé.”

Mo gbé ọ̀pá ìwọ̀ mi gígùn, mo ní kí òun náà gbé kékeré. Títí a fi dé etí òkun ni mò ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. “Bí ìjì bá jà tán, ìgbì á ti gbẹ́ kòtò sétí omi, á ti hú akàn àti ekòló jáde nínú yanrìn. Ibẹ̀ lẹja ti ń wá jẹun, nítòsí gan-an. Ṣé o gbọ́?” Ó ní òun gbọ́.

Ẹ wá wo olùkọ́! Bí mo ṣe fojú kan òkun, gbogbo ẹ̀kọ́ náà fò lọ. Irú èmi yìí, kí n ju ìwọ̀ sétí omi bí ọmọdé? Kí ni wọ́n á máa sọ ní ṣọ́ọ̀bù? Mo ká ṣòkòtò, mo wọ omi lọ títí ó fi mù mí dé ìbàdí, mo sì ju ìwọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó balẹ̀ sí ìlú òdìkejì. Áà, ó lọ! Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ìyàwó mi rí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì kan gbá mi lójú, mo mu omi iyọ̀ yó. Mo fa ìwọ̀, koríko òkun ni. Mo tún jù ú, koríko ni. Ká ní koríko ni Màmá ń jẹ, ì bá ti yó.

Ìyàwó mi ò mọ ìwọ̀ jù. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kan, ó há mọ́ ọn láṣọ. Ló bá kàn sọ ọ́ sínú omi tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró, ó ń gbàdúrà fún ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín ni mo gbọ́, “Yéè! Ó ń fà mí o! Bàbá àwọn ọmọ, gbà mí!”

Mo sáré, mo ṣubú, mo dìde. Kí n tó débẹ̀, ó ti fi ẹ̀yìn rìn gòkè, ẹja ńlá sì ń jà lórí yanrìn. Ibi tí mo gbà wọ omi gan-an ló ti mú un. Àṣé oúnjẹ Màmá ni mo ti ń fẹsẹ̀ lé kiri láti àárọ̀! Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin ìdẹ tí mo fi sẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀. Ó wò mí. Mo yáa bẹ̀rẹ̀, mo ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja.

Nílé, ó fi iyọ̀ àti ata díẹ̀ sè é. Màmá bù ú jẹ, ó tún bù ú, ó mu omi rẹ̀, ó na abọ́ pé kí a tún bu sí i. Ìyàwó mi kọjú sógiri, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń sunkún, mo ní iyọ̀ òkun ló wọ̀ mí lójú.

“Ta ló pa á?” Màmá bi wá.

Mo wojú ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní, “Ọkọ mi ni, Màmá.”

Màmá wò mí pẹ́. Ẹni tó ti ní ká má yọ ara wa lẹ́nu mọ́, pé òun ti fẹ́ máa lọ, wá nu ẹnu. “O káre, ọkọ ọmọ mi. Lọ́la, bá mi pa òmíràn wá. Kó tóbi ju èyí lọ.”

Lọ́la! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò sókè. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi ni wọ́n rán níṣẹ́. Mo tẹ̀lé ìyàwó mi wọ ilé ìdáná, mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́.

“Ìyá àwọn ọmọ,” mo ní, “jọ̀ọ́, lọ́la, ọ̀pá wo ni kí n bá ọ gbé?”