Ohun Tí Benuel Riehl Sọ fún Díákónì

Ebè kan ṣoṣo ni Fannie Riehl ní kí ọkọ rẹ̀ gbin sẹ́lẹ́rì sí, èyí tí yóò tó wọn fi se ọbẹ̀ títí òtútù yóò fi dé. Benuel gbin ebè méjìlá. Ó gbìn ín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1979, láti ẹ̀yìn ilé títí dé etí títì, ó sì wọlé wá jẹun bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ní àfonífojì Pequea, ní Pẹnsilfáníà, láàárín àwọn Ámíṣì, ìjọ Kristẹni tí kì í lo mọ́tò, àṣìṣe yìí kò kéré bí ó ti rí lójú. Ẹ̀fọ́ ìgbéyàwó ni sẹ́lẹ́rì. Wọ́n á sè é fún ọ̀ọ́dúnrún àlejò, wọ́n á sì to tútù rẹ̀ sínú ife gíláàsì sórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àdéhùn ìgbéyàwó jẹ́ àṣírí títí wọn yóò fi kéde rẹ̀ nínú ìjọ nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Nítorí náà, ọgbà ni àwọn ènìyàn máa ń wò. Ẹni tí ó bá gbìn púpọ̀ ti sọ̀rọ̀.

"Benuel," ni aládùúgbò kan wí láti orí kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, "ṣé ehoro lo fẹ́ máa sìn ni, àbí ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé Salome lọ?"

"Ẹ̀fọ́ ni mo gbìn."

"Mo rí i. Ìyàwó mi ti kà á. Ó ní ebè méjìlá, àfi tí ọkọ ìyàwó bá jẹ́ méjì."

Salome, ọmọ ogún ọdún, gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Òótọ́ ni ohun tí ọkùnrin náà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Levi Glick ti ń wá a wò láti ọdún tí ó kọjá, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó sì mọ̀ nínú ilé. Ó rò pé bàbá òun ti rí òun, tí ó sì ń fi òun han aráyé.

"Bàbá ẹ ò mọ nǹkan kan," ni Fannie sọ fún un. "Wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ìgbà wo lo rí i tó sùn kẹ́yìn?"

Iṣẹ́ awọ ni Benuel ń ṣe. Òun ni ó ń rán ìjánu fún ẹṣin gbogbo agbègbè náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gé awọ tí yóò tó ogójì ẹṣin, nígbà tí ẹṣin mẹ́fà péré ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn wá. Ó mú abo ẹṣin ilé wọn sáré títí ara rẹ̀ fi hó bí ọṣẹ. Ó ní gbogbo ìdílé yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo òkun ní Fúlórídà, ní àkókò ìkórè àlìkámà, nígbà tí kò sí àgbẹ̀ tí ó jẹ́ fi oko sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ kò dákẹ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, ó ti dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, bí a bá sì bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ kan ni yóò fi dáhùn. Fannie hú ebè mọ́kànlá fún ẹlẹ́dẹ̀, kí ẹnu àwọn ènìyàn lè rọlẹ̀.

Àwọn ará ìta a máa pe irú èyí ní wèrè. Àṣìṣe ni. Ègún kọ́ sì ni. Àìsàn tí í gbé ọkàn sókè kọjá ààlà ni, tí í sì tún jù ú sílẹ̀. Àwọn ará àfonífojì náà ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n èyí náà kò tọ́ tán. Ohun kan tí ojú kò rí, tí bàbá àti ìyá ń pín fún ọmọ láti inú oyún, ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ẹlòmíràn a ní ilẹ̀kùn náà ní ṣíṣí títí yóò fi kú, àìsàn náà kò sì ní wọlé.

Dókítà fún Benuel ní egbòogi oníyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù. Ó ti kọ̀ ọ́ nígbà méjì rí. Lọ́tẹ̀ yìí ó lò ó, nígbà tí oṣù kẹsàn-án sì ń parí lọ, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ṣì ń kọ̀ ni nọ́ọ̀sì kan, Joan Doyle, tí ó ń káàkiri àwọn ìdílé láti kọ ìtàn àìsàn náà sílẹ̀ àti láti gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Ìgbà mẹ́ta ni Benuel ti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀, ni ó máa ń sọ, ẹnìkan á kà á, kò sì ní sí ẹni tí yóò fẹ́ Salome.

Nínú oṣù kẹwàá, díákónì ìjọ wọn, Ephraim Petersheim, wá. Bí ọmọkùnrin bá fẹ́ gbéyàwó, díákónì ni yóò lọ bá òbí ọmọbìnrin ní ìdákẹ́jẹ́, láti béèrè bóyá wọ́n ní ohun kan láti sọ. Wọ́n á ní àwọn kò ní, wọ́n á mu kọfí, ọ̀rọ̀ á parí. Òun, Benuel àti Fannie jókòó sí ìdí tábìlì ilé ìdáná.

"Ẹ mọ ohun tí mo bá wá," ni díákónì wí. "Levi Glick ni. Ṣé ẹ ní ohun kan láti sọ?"

"A ò ní," ni Fannie dáhùn, ó ti dìde láti lọ bu kọfí.

"Mo ní," ni Benuel wí. "Bàbá mi ò já bọ́ láti òkè abà."

Díákónì wò ó. "Ó wà nínú ìwé ìdílé pé ó já bọ́."

"Èmi ni mo gé okùn tó fi so ara ẹ̀ kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Màmá ní kí n sọ pé ó já bọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún ọdún méjìdínlógójì."

"Arákùnrin, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a kéde. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lò ń sọ ọ́ fún lónìí?"

"Torí pé o bi mí. Àìsàn tó pa á ló dá mi dùbúlẹ̀ lóṣù kẹjọ. Àbúrò ẹ̀ náà ní in. Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Salome bá ní in lọ́la, mi ò fẹ́ kí Levi sọ pé a tan òun jẹ."

Fannie ṣì dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Èmi ńkọ́?" ni ó wí. "Nígbà tí wọ́n wá tọrọ tèmi, ta lo sọ fún?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Àwọn òbí ẹ ni wọ́n bi."

Kò sí ẹni tí ó mu kọfí náà.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Levi kò wá. Salome ń gbé oúnjẹ síwájú bàbá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí ó wí pé, "Bàbá, ẹ ti lé e lọ."

"Ó ṣeé ṣe," ni Benuel wí.

Ní ọjọ́ Ajé ni Levi dé, ìyá rẹ̀ Lavina sì jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́. Obìnrin náà kò bọ́ fìlà rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti ní kí ọmọ yìí fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Mo sọ ọ́ tán ni mo tó rántí ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Anna, ẹ mọ̀ pé a máa ń sọ pé àyà ló ń dùn ún? Àyà kọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò ní yàrá òkè. Nígbà míì á kọrin fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kò ní sọ̀rọ̀ títí yìnyín á fi yọ́."

Ìtura kọ́kọ́ hàn lójú Salome, lẹ́yìn náà ó ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Nǹkan náà ti wá wà nínú ìdílé méjèèjì báyìí.

Benuel fúnra rẹ̀ ni ó ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì. Joan Doyle tẹ́ ìwé sórí tábìlì ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, níwájú ìdílé méjèèjì. Ó ya igun mẹ́rin fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, ó sì kun ti ẹni tí ó ní àìsàn náà ní dúdú. Ó kun bàbá Benuel, ó kun àbúrò rẹ̀, ó kun Benuel, ó kun Anna. Levi fara balẹ̀ wò ó.

"Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́?"

"Bí àwọn mẹ́wàá bá ní òbí tó ní in," ni nọ́ọ̀sì wí, "ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní in. Ìwọ àti Salome, ẹ ò ní in títí dòní. Ti àwọn ọmọ yín á kéré sí ìyẹn, àmọ́ á ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Mi ò lè fún yín ní iye kan. Mi ò sì lè nawọ́ sí ọmọ kan pé òun ni. A ò tíì mọ ibi tó fara pamọ́ sí. Ohun tí mo fi ń gba ẹ̀jẹ̀ nìyẹn."

"Ìyẹn ni pé ẹ ò mọ̀," ni Lavina wí.

"Mi ò mọ̀, màámi."

Salome fi ọwọ́ kan róbótó Anna. "Kò sẹ́ni tó pe orúkọ ohun tó ń ṣe ẹni yìí," ni ó wí. "Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bàbá lo oògùn, ó dìde. Mo ti mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Tó bá wọ ilé mi, màá dá a mọ̀. Àmọ́ mi ò ní fi tipá mú ẹnikẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì ni Levi kọjú sí. "Kí ló dé tí kò sí ìlà láàárín èmi àti òun?"

"Àwọn tó ti ṣègbéyàwó nìkan ni mo ń fa ìlà fún."

"Ẹ fà á."

Nọ́ọ̀sì wo Salome, Salome sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa ìlà náà. Lẹ́yìn náà Benuel ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ fún abẹ́rẹ́.

Wọ́n kéde wọn nínú ìjọ ní àárín oṣù kọkànlá, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí ó gbẹ̀yìn oṣù náà. Ó pẹ́ kí Fannie tó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Títí di ìgbà ìrúwé ọdún kejì, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti sọ. Ọdún yẹn náà ni Benuel mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kọ nínú ìwé ìdílé. Àìsàn náà tún gbé e ní 1983, ó sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ilé ìwòsàn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, tí í ṣe ìgbà ìkẹyìn tí a gbúròó rẹ̀, Benuel Riehl jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Òun àti Fannie ń gbé nínú ilé kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ ilé Levi àti Salome. Ó ń rán ìjánu ní ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.