Ìwo Siabbamba Níbi Òkú Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọdún méjì gbáko ni Siabbamba ti ju ìkòkò tábà rẹ̀ sínú adágún, ṣùgbọ́n èémí tí tábà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì padà. Bí ó bá gun gẹ̀rẹ́ẹ́rẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní abúlé Sinazongwe, àyà rẹ̀ a máa súfèé bí ẹwìrì tó lu.

Bí ó bá mọ sórí òkè gígun ni, kò burú. Afunwo ni. Ohùn kan ṣoṣo sì ni ìwo ẹtu kọ̀ọ̀kan ní. Afunwo mẹ́wàá ní í pa tiwọn pọ̀ di orin. Ẹni tí kò bá fun tirẹ̀ lásìkò, ihò ló dá sórin, gbogbo abúlé a sì gbọ́. Wàyí o, Lweendo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti dolóògbé. Lọ́túnla ni wọn yóò fi ìwo sin ín.

“Bàbá Choolwe, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn fun ún,” ni aya rẹ̀ wí.

“Nígbà tí ìyá wa kú, ṣé ẹlòmíràn ló pọ̀n mí?”

Munsaka aṣáájú afunwo dé láti kí wọn. Ìdílé rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ àtifi ìdílé Siabbamba ṣẹ̀fẹ̀, àní níbi òkú pàápàá. “Ẹwìrì àgbà! Ṣé kí n gbé ìwo rẹ fún àkùkọ mi?”

“Èyí tó ń kọ láràárọ̀ tí o kì í jí? Ó ti lo èémí rẹ̀ tán lórí rẹ, ọ̀lẹ!”

Ní ìrọ̀lẹ́, Siabbamba dán ara rẹ̀ wò. Bó bá ń fẹsẹ̀ jó, ẹ̀ẹ̀meje ni ó lè fun ìwo kí òyì tó kọ́ ọ. Bó bá dúró, ó tó ogójì. Ó tọ Munsaka lọ.

“Ijó àti ìwo, àyà mi kò gba méjèèjì. Ìwo ni mo mú.”

“Afunwo kì í dúró gbagidi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi náà kò ní í kú lẹ́ẹ̀kejì.”

Munsaka gbà pé kí ó dúró.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Siabbamba fẹ̀yìn ti igi. Àwọn yòókù ń jó yí i ká nínú eruku. Kí ó tó kàn án, bí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àyà rẹ̀ ti kọ́ ọ ló ń ṣe: ó fi imú fa èémí, ó sú ẹnu bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ó rọra tú u sílẹ̀. Nínú orin kẹta, èémí já a kulẹ̀. Ihò dá sórin. Àwọn obìnrin bojú wẹ̀yìn. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ lé orúnkún, ṣùgbọ́n ìwo kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó tún kàn án, ó fun ún.