Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Sọ Mí

Mo jowú ọmọbìnrin kan tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ. Mo jowú rẹ̀ débi pé lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà ka ọ̀rọ̀ yìí lọ títí kẹ́ ẹ máa rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ kan ló kọ ọ́.

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní iléèwé aládàáni kan ní Nyanya, tí mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ adití. Ìyá mi bi mí pé ṣé mo ti kọ́ àwọn tó ń gbọ́ràn tán ni. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í dáhùn bí mo bá pè é. Mo pè é ní olóríkunkun. Mo nà án, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà tí tẹ́ẹ̀mù kejì ń parí lọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé etí ọmọ náà ti di láti kékeré, pé ojú ló fi ń ka ẹnu èèyàn, ìtìjú ni wọn ò sì ṣe sọ. Pàṣán tí mo fi nà án yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ibi tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́ ni mo ti pàdé ẹni tí mò ń wí yìí. Bàbá rẹ̀ adití, ìyá rẹ̀ adití, òun nìkan ló ń gbọ́ràn nínú ilé wọn. Bàbá rẹ̀ ń la pákó ní Dei-Dei, ariwo ẹ̀rọ tó ń di gbogbo ọjà létí ò sì kàn án. Kí ọmọ yìí tó fi ẹnu pe ìyá rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ pè é. Àwa yòókù ń fi ọdún méjì kọ́ èdè ọwọ́, à ń ká ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí. Òun á máa fi ọwọ́ kan jẹ gúgúrú, á máa fi ìkejì sọ̀rọ̀, àwọn olùkọ́ wa á sì dá iṣẹ́ dúró láti wò ó. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ṣe é?" A rí i. Èmi rí i ju gbogbo wọn lọ.

Kò sì ṣẹ̀ mí. "Àǹtí mi" ló ń pè mí, ó ń bá mi gbé báàgì, ó ń gba ààyè ìjókòó sílẹ̀ dè mí. Ká ní agbéraga ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ǹ bá kórìíra rẹ̀, kí n sì máa sùn dáadáa. Àmọ́ ọmọ náà dára, ó sì mọ iṣẹ́, ibo lèmi ó wá gbà? Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pòdù ọ̀yà. Wàhálà tèmi ni pé ọmọ yìí ń pòdù ọ̀yà lójoojúmọ́, kò sì tún ṣe ọ̀tá mi.

Kí wọ́n tó lè fún wa níwèé ẹ̀rí, a gbọ́dọ̀ lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọmọ ní iléèwé kan. Ibì kan náà ni wọ́n rán àwa méjèèjì lọ, iléèwé adití kékeré kan lọ́nà Bwari, lábẹ́ òkè olókùúta. Kíláàsì rẹ̀ kọjú sí tèmi, àgbàlá oníyanrìn ló wà láàárín. Olùkọ́ tó ń mójú tó wa níbẹ̀ jẹ́ adití, ó ti dàgbà gan-an, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Bí ojú mi ò bá tètè mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ, á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tó ń gbé sápò. Ọmọ Kabba ni, ó sì mọ Yorùbá kọ ju èmi tí mò ń fi etí gbọ́ ọ láti kékeré lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ òfin kan fún wa. Láàárín àwọn adití, olúkúlùkù ló ní orúkọ ọwọ́, àmì kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Adití nìkan ló lè sọ ẹ́ lórúkọ yẹn. O ò lè sọ ara rẹ, ẹni tó ń gbọ́ràn bíi tìrẹ ò sì lè sọ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi hàn wá: "Ẹni tó bá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ọmọ yìí tí wọn ò sọ ọ́ lórúkọ, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo tún fẹ́ ṣe láyé mi.

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọmọ iléèwé sọ ẹlẹgbẹ́ mi yẹn lórúkọ. Wọ́n fi ìka gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n yí i, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó máa ń jìn wọnú bó bá rẹ́rìn-ín. Gbogbo iléèwé gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n. Bí àwọn adití ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Èmi náà gbọ̀n tèmi.

Ní tèmi, bí wọ́n bá fẹ́ pè mí, wọ́n á nàka sí mi. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, wọ́n ṣì ń nàka. Mo máa ń gbàgbé ara mi, n ó kọjú sí pátákó, n ó máa fi ẹnu ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tí ò gbọ́ràn. Bí mo bá fi máa yíjú padà, wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. N ó wá gbójú sókè wo òdìkejì àgbàlá. Níbẹ̀, gbogbo ọmọ ló na ọrùn síwájú, tí ọwọ́ ń fò lọ fò bọ̀. Mo máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín kí àkókò ẹ̀kọ́ tó parí, mo sì máa ń bínú sí iye náà. Lọ́jọ́ kan, ó ká mi lára débi pé mo dìde lọ bá Bàbá, mo fẹjọ́ sùn pé ọmọ yẹn kì í kọ nóòtù kó tó wọ kíláàsì. Òótọ́ sì ni, kì í kọ ọ́. Bàbá wò mí, ó fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ pé: "Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ báyìí?" Kò sẹ́nì kankan. Mo sáré padà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní alábòójútó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ wa, yóò wo bí a ṣe ń kọ́ni, yóò sì fún wa ní máàkì. Mo rò ó pé ojú wo ni yóò fi wo tíṣà tí àwọn ọmọ ń nàka sí. Mo wá ṣe ohun tí wọ́n ní ká má ṣe. Mo dúró níwájú dígí nínú yàrá mi ní Nyanya, mo kó ìka márààrún lé orí bí adé, mo gbé e sókè díẹ̀. Ó wù mí. Mo ṣe é títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ta ni yóò bi mí?

Lọ́jọ́ náà, alábòójútó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, Bàbá jókòó tì í. Mo fẹsẹ̀ lulẹ̀ kí àwọn ọmọ lè wò mí, mo kí wọn, mo sì sọ orúkọ mi: adé. Ọwọ́ gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin gíga kan wà níwájú, ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun ló ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n fún àwọn tó kù. Ó bi mí pé, "Ta ló sọ yín bẹ́ẹ̀?"

Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá tọrọ àforíjì. Mo nàka sí Bàbá.

Gbogbo orí yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá gbọn orí pé rárá. Kò bínú, kò sì fajú ro, ó kàn gbọn orí. Alábòójútó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan. Mo dúró síwájú wọn, ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ọmọ tí mò ń jowú yẹn ló gbà mí. Ó ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà torí pé òun ni wọ́n fẹ́ wò tẹ̀ lé mi. Ó wọlé, ó sọ fún àwọn ọmọ pé òun lòun fi ṣeré sọ mí bẹ́ẹ̀, pé Bàbá ò mọ̀ sí i, pé òun ò láṣẹ láti sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ, kí wọ́n má bínú. Ó fi ọwọ́ nu orúkọ náà kúrò níwájú wọn bí ẹni ń nu pátákó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀rọ̀ sì tán. Mo kọ́ wọn ní ìṣirò ọjọ́ náà, máàkì mi ò burú. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ni mo tún kórìíra rẹ̀ sí i. Mo ní àní irọ́ tèmi gan-an, òun ló tún mọ̀ ọ́n pa jù mí lọ.

Ó ku ọjọ́ méjì ká lọ, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kíláàsì lásìkò ìsinmi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa díbọ́n. Ọmọbìnrin gíga yẹn ń kọjá, mo dá a dúró. Mo fi ọwọ́ sọ fún un pé mi ò lórúkọ, pé mo mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa sí wọn, pé kí ni mo lè ṣe.

Ó wò mí bí ẹni wo aláìsàn. "Ẹ lórúkọ," ó ní. "Láti ọ̀sẹ̀ kejì."

Ó gbé ìka kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó sì jù ú síta, sí òdìkejì àgbàlá níbi tí kíláàsì ọmọ yẹn wà. Ìyẹn ni orúkọ mi. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi. Ó ní kì í ṣe orúkọ tó dáa, Bàbá sì ti ní kí wọ́n má fi pè mí lójú mi àfi tí mo bá fẹnu ara mi béèrè. Ó tún sọ ọ̀kan sí i, kò sì fi inú burúkú sọ ọ́. Ó ní, "Bá a bá fẹ́ bi yín ní nǹkan, a máa ń na ọwọ́ sókè, a ó sì dúró dè yín kẹ́ ẹ wojú wa. Nígbà míì, ó máa ń pẹ́." Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń lu ìlù oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń fi igi lu ilẹ̀ pákó ilé oúnjẹ tó kan kíláàsì wa, ó sì lọ. Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn yẹn, kì í ṣe nítorí orúkọ, nítorí àwọn ọwọ́ tó ń dúró dè mí ni.

Mo lọ bá Bàbá pé kó bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n pa á dà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé kí n lọ fi ọjọ́ méjì tó kù kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn. Mi ò wo òdìkejì, ọrùn sì ń ro mí bí ẹni ru omi. Mo wo ojú kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bíi pé ó ti ń kó wọn jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn ò pa orúkọ náà dà. Àmọ́ orúkọ ni, Bàbá sì fọwọ́ sí ìwé mi pé mo yege.

Lọ́jọ́ tá a parí, èmi àti ọmọ yẹn jọ wọ ọkọ̀ kan náà láti Bwari, torí Kubwa lòun á ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó wọ ti Dei-Dei. Ọkọ̀ kún, eruku ọyẹ́ ń wọlé, awakọ̀ ń bá ẹni tó jókòó níwájú sọ Hausa.

"Àǹtí mi," ó ní, "mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ orúkọ yín fún yín."

Mo bi í pé ṣé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú pé mi ò sọ. Inú mi dùn sí i ni. Mo ní àṣé Àǹtí mi tó ti ṣe tíṣà fún ọdún púpọ̀ ń wò mí kó lè kọ́ nǹkan lára mi. Mo tiẹ̀ sọ fún àwọn òbí mi nílé."

Ó ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Ohun tó kù ò ju kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n rẹ́rìn-ín, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rí bó ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn tó wà lókè tó ń dúró dè mí. Èrò pọ̀ nínú ọkọ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́, ni mo bá gbé báàgì kúrò lórí itan mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì sọ ọ́. "Rárá. Ìlara ni mo fi ń wò ẹ́. Lójoojúmọ́." Láti ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ èdè yẹn, ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ sọ gbólóhùn tí kò kọsẹ̀.

Ó wo ọwọ́ mi. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Kubwa, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gbé ìka sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó sì jù ú síta. Ó fi orúkọ mi kí mi pé ó dàbọ̀.