A Ní Ọkọ Rẹ̀ Ni

Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n ń pín àwa tíṣà káàkiri, Emùré ni wọ́n gbé mi lọ. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé. Dẹ́rẹ́bà kan ló ń gbé mi lọ, tó ń gbé mi bọ̀. Èèyàn dáadáa ni lójú mi. Bí òjò bá ń rọ̀, á dúró dè mí, á sì fi mí síwájú ọkọ̀.

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun létí gáréèjì Emùré. Òun ló ń di orí mi. Lọ́jọ́ kan tó ń ya irun mi, ó ní dẹ́rẹ́bà yìí ń yọ òun lẹ́nu. "Mo ti sọ fún un pé n kò fẹ́, àǹtí. Kò gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní yóò sú u.

Kò sú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ilé ìwé dé gáréèjì, mo bá dẹ́rẹ́bà náà tó fi irun obìnrin yìí wé ọwọ́, tó ń wọ́ ọ jáde. Ó fọ́ ọ létí, ó tún fọ́ ọ létí. A pọ̀ níbẹ̀: àwọn ọlọ́kadà, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, bàbá kan tó wọ kóòtù bí alàgbà ìjọ. Kò sẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀.

"Ọkọ rẹ̀ ni," ọlọ́kadà kan wí.

Bàbá náà mi orí. "Ọ̀rọ̀ ulé ni, ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Bí wọ́n bá parí ìjà tán, ẹni tó dá sí i ni wọ́n á dojú kọ."

Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Mo gbá báàgì mi mọ́ àyà, mo ń ro bí n ó ṣe máa délé bí mo bá bá ẹni tó ń gbé mi jà. Obìnrin náà rí mi. Ó ké pè mí: "Àǹtí!"

Mo wo ilẹ̀.

Ìyá arúgbó kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì ló dìde, ó di ọwọ́ dẹ́rẹ́bà náà mú. "Ọmọ mi, ṣé ọkọ rẹ nìyí?"

"Rárá o, Màmá! N kò fẹ́ ẹ ni!"

Ẹ wá wo bí ara ṣe yá wọn! Ọlọ́kadà tó sọ pé ọkọ rẹ̀ ni ló kọ́kọ́ gbá dẹ́rẹ́bà náà lójú. Bàbá náà bọ́ kóòtù. Wọ́n lù ú débi pé ìyá oníbọ̀ọ̀lì tún ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má pa á. Akínkanjú òjijì! Ṣebí ọwọ́ yìí náà ló rọ bí òwú lẹ́ẹ̀kan. Ojo ni gbogbo wa, a kàn fi ìgbéyàwó bojú ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí obìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Àǹtí, ẹ̀yin mọ̀. Àwọn tó kù ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọkọ mi ńkọ́? Kó máa lù mí lọ?"

Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Kò sì di orí mi mọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí dẹ́rẹ́bà náà fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn èrò ń kí i pẹ̀lẹ́. Èmi wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí mo ṣe náà nìyẹn.