Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Lẹ́yìn Ìlà Eérú ní Ọ̀kà

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo dìde lórí ibùsùn. N kò wí pé mo jí, nítorí n kò sùn. Ta ni yóò sùn? Ọdún méje ni èmi àti Rìsíkátù ìyàwó mi fi wá ọmọ, ọmọ náà sì ti dé. Obìnrin ni! Ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀kà Àkókó ni Rìsí bí i sí, èmi sì wà ní Ìbàdàn nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, mo ń sáré parí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ọ̀la ni ọmọ yóò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí a óò sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọdún tí a ti ṣe yìgì ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún mi lọ́mọ, èmi fúnra mi ni n óò pe ìpè ìrun sí i létí, kì í ṣe ààfáà, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ariwo Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgboro. Rédíò ń kìlọ̀ pé ká máa fọwọ́, ká má bọ ara wa lọ́wọ́. Sànìtáísà kékeré tí à ń rà ní ọ̀ọ́dúnrún náírà ti di ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. N kò rà á. Lójú tèmi, àrùn àwọn tí ń wọ bàálù ni. Èmi tí n kò wọ bàálù rí, níbo la ó ti pàdé?

Ní gárèjì Ìwó Ròòdù, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa dé Ìkàrẹ́. Àlàájà kan tó ń ta aṣọ ló jókòó tì mí; Èkó ló ti ń bọ̀, Ìkàrẹ́ ni ilé rẹ̀. A kò tíì dé Ifẹ̀ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Dírẹ́bà wò ó nínú dígí.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan bo ẹnu yín o. Nǹkan ń bẹ níta."

"Nǹkan wo ló ń bẹ níta? Eruku ọjà ni mo fà símú," ni Àlàájà fi dá a lóhùn.

Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní kí a ṣí gbogbo fèrèsé. Ẹnìkan ní oòrùn wa àti ata wa ti tó láti pa á. Tíṣà kan tó wà lẹ́yìn ní kí a má fi ikú ṣeré. Ohùn tèmi ló ròkè jù. Inú mi dùn, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì ń dùn kì í mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ibà tó ń pa wá lọ́dọọdún ńkọ́? Ta ló ti ọjà pa nítorí rẹ̀ rí?" Ọkọ̀ hó yèè! Kí ó lè dá wọn lójú pé n kò bẹ̀rù, mo gbé ike omi mi fún Àlàájà. Ó mu nínú rẹ̀, ó dá a padà, èmi náà sì gbé e sẹ́nu lójú gbogbo wọn, mo mu ún tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí mo ti ń nu ẹnu, ṣe ni mo ń wú bí ẹni tó jẹ oyè.

Ọ̀nà Iléṣà kò dára, ihò lé ihò ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá Àkúrẹ́, ara tù wá díẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ jẹun ní Ọ̀wọ̀. Aago mọ́kànlá kò tíì lù, iyán ni gbogbo ènìyàn ń jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá jẹ iyán láàárọ̀ ní iṣẹ́ ńlá tó ń lọ ṣe. Lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n fi ń ṣínu. Ẹgbẹ̀rin náírà ni mo fi jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, n kò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ ni àpáta ti ń yọjú lọ́tùn-ún lósì, àpáta gàgàrà tí àwọn èèyàn kọ́lé sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì ń sá aṣọ sí i lára.

Aago kan kọjá díẹ̀ ni a wọ Ìkàrẹ́. Àlàájà gbàdúrà fún ọmọ mi, a dágbére fún ara wa. Mo ra oyin, iyọ̀ àti èso dàbínù fún ìsọmọlórúkọ lọ́jà, mo sì wọ táksí Ọ̀kà ní igba náírà. A gba Akùngbá kọjá. Dírẹ́bà àti ẹnì kejì rẹ̀ ń sọ èdè Àkókó, mo sì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, torí Rìsí ti kọ́ mi: ohun tí à ń pè ní ilé, ulé ni wọ́n ń pè é, iṣu tiwa, uṣu ni tiwọn. Inú táksí yẹn, èmi nìkan ni mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá Rìsí jẹ́. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Wolé-wolé ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì, àwọn tí ń wọ agbo ilé láti yẹ ìkòkò omi àti ṣáláńgá wò. Nígbà ṣọ̀pọ̀ná, òun wà lára àwọn tí ń gun òkè kiri láti bùpá àjẹsára fún tọmọdé tàgbà, tí àwọn ìyá sì ń gbé ọmọ sá fún wọn. Títí di òní, Bàbá Wolé-wolé ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sáré lọ sílé. Ìlà eérú ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, láti ògiri dé ògiri. Bàbá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí àga, ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu.

"Dúró síbẹ̀, Bàṣírù! Kú àbọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò ó nínú mi pé ìkíni tiwa ṣàǹfààní, kò nílò ọwọ́ bíbọ̀. "Ẹ kú ilé o, Bàbá."

"Dìde. Ta ni ẹ jọ jókòó nínú ọkọ̀?"

"Àlàájà kan ni, sà. Èkó ló ti ń bọ̀."

"Ó wúkọ́?"

Èèyàn kì í parọ́ fún àna. Mo ní ó wúkọ́ díẹ̀.

"Kí ni ẹ tún jọ ṣe pọ̀ yàtọ̀ sí ìjókòó?"

Mo wolẹ̀, mo jẹ́wọ́ omi náà. Ìyá Rìsí, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ké "Yéè!" Bàbá kò pariwo. Ó ní, "Yàrá tí mo ń kó irinṣẹ́ sí wà lẹ́yìnkùlé, a ti gbá a. Gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lo máa lò kí o tó wọ ulé mi."

"Bàbá, ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ! Ọdún méje ni mo fi dúró de ọmọ yìí!"

"Èmi náà fi ọdún méje dúró dè é."

Inú bí mi, kí n má tàn yín. Mo ní ibà lásán ni, pé àwọn oníròyìn ló ń dẹ́rù bà wá. Bàbá ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré lo pàdánù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ìgbà náà ni Rìsí yọjú lójú fèrèsé, ó gbé ọmọ sókè kí n rí i. Áà, ọmọ náà dára! Mo gbàgbé ìbínú, mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí mo dúró sí.

Lọ́jọ́ kejì, èèyàn márùn-ún péré ni Bàbá gbà láàyè níbi ìsọmọlórúkọ, ààfáà mọ́ wọn. Àwọn ará àdúgbò ń kùn pé Bàbá Wolé-wolé tún ti gbé òfin rẹ̀ dé. Nígbà tí ààfáà fẹ́ pe ìrun sí ọmọ létí, mo ké láti ẹ̀yìnkùlé pé ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́? Wọ́n forí korí. Bàbá ní òfin kò sọ pé kí ohùn má kọjá. Ó fi eérú fa ìlà mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé, Màmá Rìsí sì gbé ọmọ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ìgbésẹ̀ méjìlá sí mi. Mo ki ìka bọ etí, mo fi gbogbo agbára mi pè é. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni o! Ohùn mi kọlu àpáta, ó tún padà wá bá wa. Kí n tó pè é tán, ilẹ̀kùn ti ń ṣí káàkiri. Àwọn aládùúgbò jáde pẹ̀lú búútà lọ́wọ́, àwọn kan ti ń ṣe àlùwàlá. Arúgbó kan yọrí lórí ògiri.

"Ìrun wo nìyí, ní aago mẹ́wàá?"

"Ìrun Àmínátù Àbẹ̀kẹ́ ni!" ni Bàbá fi dá a lóhùn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ààfáà ṣubú, bí gbogbo àdúgbò sì ṣe gbọ́ orúkọ ọmọ mi nìyẹn.

Ọjọ́ karùn-ún tí mo ti wà ní yàrá náà ni ara mi gbóná. Màmá gbé iyán àti ọbẹ̀ ka orí àpótí, ó sún sẹ́yìn kí n tó jáde gbé e. Mo ṣí abọ́. Irú pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà, mo fojú rí i, ṣùgbọ́n imú mi kò gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti imú bọ inú abọ́, pàbó. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ohùn Bàbá bó ṣe ń ki Àbẹ̀kẹ́ lórí itan rẹ̀. Bí mo bá ti wọlé lọ́jọ́ tí mo dé, àwọn méjèèjì ni ǹ bá kọ́kọ́ dì mọ́. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ mí wò, nítorí náà n kò lè búra pé Kòrónà ni. N kò sì gba nọ́ńbà Àlàájà, kí n bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. Àdúrà ni mo ń gbà fún un.

Ní ọjọ́ kejìlá, ara mi ti yá. Màmá ti bẹ Bàbá títí ó fi rọ̀. Mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ nu eérú kúrò.

"Bàṣírù, ara rẹ ti le. Wọ ulé, wá gba ọmọ rẹ."

Rìsí dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ nínú aṣọ funfun. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan. Mo dá a padà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ku ọjọ́ méjì."

Rìsí bú sẹ́kún. Bàbá rẹ́rìn-ín tí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe wolé-wolé, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀ mí pé kí n yọ̀ǹda àwọn. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo yọ̀ǹda tó kọ̀."

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá pé, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun, mo gba ọmọ mi. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo fẹnu sí i létí, mo sì tún pe ìpè náà, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíràn kò gbọ́.

Ìjọba ti ti ọ̀nà nígbà náà, nítorí náà oṣù mélòó kan la lò sí i ní Ọ̀kà kí a tó dé Ìbàdàn, èmi, Rìsí àti Àbẹ̀kẹ́. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀, àríyànjiyàn náà tún bẹ́ sílẹ̀: ṣé òótọ́ ni Kòrónà, àbí irọ́ ni? Wọ́n ní kí èmi náà dá sí i. Mo bi wọ́n pé ta ni olúkúlùkù ń lọ bá nílé. Ọ̀kan ní ìyá òun. Òmíràn ní aboyún òun. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fèrèsé.